A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀rọ̀ ìyípadà níbi iṣẹ́ kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ́ nípa òwò nìkan. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ wà láàárín wa, ẹni tí àǹtí rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì wà láàárín wa. Lọ́la, àwa náà lè di ọ̀gá tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n yí nǹkan padà. Èrò tèmi kò gùn: ẹni tó bá fẹ́ yí iṣẹ́ padà, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà léèrè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyípadà náà lè dára lórí ìwé, kó má sì ṣeé ṣe lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ìlú yìí, aṣọ òkè ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Láyé àtijọ́, òwú tí wọ́n fọwọ́ ran, tí wọ́n sì rẹ láró, ni wọ́n fi ń hun ẹtù. Òwú tó wá láti ara kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun sányán. Lónìí, òwú ilé-iṣẹ́ ló pọ̀ jù lórí òfì, títí kan òwú dídán tí wọ́n ń pè ní ṣáìnì-ṣáìnì. Aṣọ náà ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí àwọ̀ tí olóde kò lè béèrè fún. Àwọn oníbàárà mìíràn kò tilẹ̀ dé ìlú mọ́. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń yan èyí tó wù wọ́n.

Kí ló dé tí ìyípadà ńlá yìí kò fi pa iṣẹ́ náà? Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó sídìí òfì ló ń pinnu. Kò sí lẹ́tà tó ti òkè wá. Ahunṣọ lè fi òwú tuntun dán òfì kan wò, kó wò ó bóyá ó ń já, kó bi aládùúgbò rẹ̀, kó tó gbé e lọ sórí òfì yòókù. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì di asán: òfì kan náà ni, ọ̀kọ̀ kan náà ni, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń rán pọ̀ kan náà ni. Òwú ló yí padà, ọgbọ́n ọwọ́ kò yí.

Àmọ́ àwọn ìyá tó ń ran òwú ńkọ́? Àwọn aláró ńkọ́? Nígbà tí òwú ilé-iṣẹ́ dé, tiwọn ló kọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tó pè wọ́n jókòó pé, “Ẹ̀yin ìyá wa, ọjà ń yí o, kí la máa ṣe sí tiyín?” Ahunṣọ jèrè, arànwú pàdánù. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ni ẹrù ìyípadà sábà máa ń já lé lórí.

Irú ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn nọ́ọ̀sì. Ní oṣù Èrèlè 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà (NMCN) gbé ìlànà tuntun jáde: nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àjọ náà jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn nọ́ọ̀sì fi tú síta ní Àbújá àti Èkó láti fẹ̀hónú hàn. Ká sòótọ́, ìdí tó lágbára wà fún irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ, aláìsàn kò dínkù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé wọn lọ, owó oṣù tí kò tó ná àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ìlànà náà kò fọwọ́ kàn án. Ẹnu ọ̀nà ló tì, ó fi inú ilé sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn onímọ̀ ti dán irú nǹkan báyìí wò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kurt Lewin, tí èrò rẹ̀ nípa ìyípadà ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn oníṣòwò títí dòní, fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé ní Amẹ́ríkà máa se ọkàn àti kíndìnrín màlúù. Wọn kì í fẹ́ jẹ ẹ́. (Àwa tí à ń fi inú ẹran jẹ àmàlà lè rẹ́rìn-ín!) Wọ́n kàn dá àwọn kan lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n jẹ́ kí àwọn yòókù jíròrò kí wọ́n sì pinnu fúnra wọn. Nínú àwọn tó kàn gbọ́ ẹ̀kọ́, ìdá 3 nínú 100 ló sè é. Nínú àwọn tó jíròrò, ìdá 32 ni. Ẹran kan náà ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà bá wọn sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀.

Ẹnìkan lè ní bí a bá ń bi gbogbo èèyàn, ilẹ̀ á ṣú. Òótọ́ ni pé pàjáwìrì wà. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, kò sí àyè ìpàdé gígùn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àṣẹ tó ń jáde ló jẹ́ Ebola?

Bí ilé ìwòsàn bá fẹ́ kúrò lórí fáìlì oníwèé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi wọ́ọ̀dù kan bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n bi nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́: bí iná bá lọ ní aago méjì òru ńkọ́? Bí ó bá máa kọ ọ́ sínú ìwé, tó tún máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ta ló máa dúró ti aláìsàn? Nọ́ọ̀sì yẹn mọ ìdáhùn tí ọ̀gá inú ọ́fíìsì kò lè mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá: kí ẹ tó buwọ́ lu lẹ́tà ìyípadà tó kàn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Ta ló máa ṣe iṣẹ́ yìí, ṣé a ti bi í? Ta ni oúnjẹ máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí la ti pèsè fún un? Bí ẹ kò bá ní ìdáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì buwọ́ lù ú.