Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Máa Nu Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé Ìdáná

 Ní àkókò àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń ka iye dókítà, agbẹjọ́rò àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ilé ẹ̀kọ́ yìí ti mú jáde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí àwa òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ jáde bi ara wa: ta ni ó ń nu kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa? Èrò tèmi ni pé ọmọ tí ó bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó yẹ kí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo mú wá, kí ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ wò. Ilẹ̀ ilé ìdáná lè máa dán, síbẹ̀ kí èéfín àti ọ̀rá epo ti dì mọ́ orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ìgbẹ́ aáyán sì wà nídìí agolo mílíìkì. Ibi tí àlejò ń rí nìkan ni a ń tọ́jú. Irú ìwà yìí gan-an ni Olúwa wa tọ́ka sí nígbà tí ó bá àwọn Farisí wí pé ẹ̀yìn ife ni wọ́n ń fọ̀, wọn kò fọ inú rẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gàrí tí ó dà sílẹ̀ tí a kò gbá ni ó ń ké sí èkúté. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, lẹ́yìn tí ó kọlu nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ní ìlú Lassa, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Èkúté ni ó ń gbé àìsàn náà kiri. Oúnjẹ tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kàn lè kó o ran ènìyàn. Àìsàn yìí kò jìnnà sí wa, nítorí ìpínlẹ̀ Ondó àti Edó wà lára ibi tí ó ti ń jà jù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe bí kòkòrò bá ti pọ̀ ni kí wọ́n fọ́n oògùn apakòkòrò sí ibi tí àwo ìjẹun wà. Májèlé ni à ń fi lé ìdọ̀tí. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa oògùn dichlorvos nínú ìgò kékeré nítorí ewu rẹ̀. Oúnjẹ, omi àti ibùba ni aáyán ń wá kiri. Ọmọ tí ó bá ń mú wọn kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí oògùn kò lè ṣe.

Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù òde òní kì í ṣe ojúlówó pákó bí ìrókò tí àwọn káfíńtà àtijọ́ ń lò. Lẹ́búlẹ́bú igi tí a fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, tí a sì fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Bí omi bá wọ etí rẹ̀, yóò wú, kò sì ní padà sí ipò mọ́. Nítorí náà, a kì í da omi sí i. Kí ọmọ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ó fi aṣọ tí a rì sínú omi ọṣẹ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí a sì fún dáadáa, nù ún. Lẹ́yìn náà, kí ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Kí ó má ṣe lo kànìnkànìn onírin, nítorí yóò họ ojú rẹ̀. Kí ó fọwọ́ kan páìpù abẹ́ síǹkì bóyá ó ń jò, kí ó sì wo ilẹ̀kùn tí ó bá ń mì kí a lè tètè dè é le. Kí gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà padà sínú ike tí ó ní ìdérí tí ó le.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé ìwé ni àwọn rán ọmọ wá kà, pé ìdánwò WAEC ti dé tán, àti pé ọmọ ọ̀dọ̀ wà nílé. Èmi kò kóyán ìwé kéré. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní òwúrọ̀ Sátidé kò lè mú ọmọ fìdí rẹmi. Àwa tí a gbé ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ rántí bí a ṣe ń dúró ti lọ́kà wa nígbà tí olùkọ́ bá ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. A ṣe é, a sì yege. Ní ti ọmọkùnrin, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò dá gbé. Àwọn ẹgbẹ́ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé onílé lè yọ nínú owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ bí ó bá kó jáde tí ilé ìdáná sì dọ̀tí.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí a tó dá ọmọ padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní sáà tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi kọ́bọ́ọ̀dù kan lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí a kọ́ ọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, kí a sì máa ṣí i wò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.