Ọmọ ìjàpá òkun l'Àgbádárìgì: Ẹ má jẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́

Ìjàpá inú àlọ́, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjàpá tó ń ti inú òkun gòkè wá sí etíkun Àgbádárìgì lóru, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló ní fún ọmọ rẹ̀. Á gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, á yé ẹyin bíi 100 sí i, á bò ó, á sì padà sínú omi. Kò ní padà wá wò wọ́n mọ́. Iyanrìn ni alágbàtọ́ wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60.

Béárì funfun, ẹranko orí yìnyín ní òkè àríwá ayé, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tọ́ ọmọ rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ayé tó ń móoru ń yọ́ yìnyín tó fi ń ṣọdẹ, ìyà sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òun ṣì lè kó ọmọ rẹ̀ wá ibòmíràn lọ. Ẹyin inú iyanrìn kò lè sá fún oòrùn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ooru iyanrìn ló ń pinnu bóyá akọ ni ọmọ ìjàpá òkun yóò jẹ́ tàbí abo. Bó bá tutù díẹ̀, akọ ló ń pọ̀. Bó bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, abo ló ń pọ̀. Bó bá gbóná jù, ẹyin á kú sínú ihò. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé láàrin àwọn ọmọ ìjàpá òkun kan tí wọ́n bí ní àríwá Ọsirélíà, ó lé ní 99 nínú 100 tó jẹ́ abo. Bí akọ bá tán, ibo lọmọ yóò ti wá?

Àwọn kan á ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn olówó ayé ni ooru yìí, kì í ṣe ti apẹja Ègùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń gé igi àgbọn tó ń ṣíji bo iyanrìn? Ta ló ń fi típà kó iyanrìn etíkun lọ tà? Ta ló ń hú ẹyin, tó sì ń pa ìyá rẹ̀ jẹ? Iyanrìn tó ń tọ́ ọmọ ìjàpá náà ló ń dá òkun dúró kó má wọ ilé àwọn èèyàn.

Lọ́dún 1999, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Abidjan láti dáàbò bo ìjàpá òkun. Ní Grand-Popo, ní Benin tí kò jìnnà, àwọn ará etíkun ń ṣọ́ ẹyin títí yóò fi pa. Kí ló dé tí Àgbádárìgì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí ìjọba dá àwọn tó ń wa iyanrìn etíkun dúró. Kí wọ́n tún ran apẹja tí ìjàpá fa àwọ̀n rẹ̀ ya lọ́wọ́, nítorí ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Kí àwọn baálẹ̀ náà sọ ọ́ di èèwọ̀ láti hú ẹyin. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.