Bí A Bá Pè Wá Sí Ìpàdé Ibùdó Rélùwéè, Ẹ Jẹ́ Kí Á Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti sàká. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, kí ó máa wí pé kí ni ó kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tí ó bá ti jí ní òwúrọ̀ kan, tí ó rí i pé wọ́n ti mọ odi dí ọ̀nà tí ó ń gbà lọ sí ọjà tàbí sí mọ́ṣáláṣí, yóò mọ̀ pé ó kàn wá gidigidi.

Gbogbo wa ni a ń rí i pé iṣẹ́ rélùwéè ti gbérasọ ní ìlú Èkó. Èyí tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ búlúù, tí iná mànàmáná ń wà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2: kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. Aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó dé Òyìngbò: kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ, tí í ṣe Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin, Yábàá àti Òyìngbò. Apá kejì ti aláwọ̀ búlúù, láti Mile 2 dé Okokomáíkò, jẹ́ kìlómítà 14. Wọ́n sì ti gbèrò aláwọ̀ ewé, láti Marina lọ sí ìhà Lẹ́kì, tí gígùn rẹ̀ yóò tó kìlómítà 68. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni yóò ní ibùdó, gbogbo ibùdó ni yóò sì jókòó sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ Èkó kò sì ṣófo: bí kò bá sí ìsọ̀ níbẹ̀, ilé kéú wà níbẹ̀, bí kò bá sí ilé kéú, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá láti ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ ohun tí ibùdó rélùwéè lè ṣe fún ìlú. Ní 1896 ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Nígbà tí ó di 1901, wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn. Agége tí a ń wò lónìí, rélùwéè wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Àwọn àgbẹ̀ gbin obì sí agbègbè rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń fi ọkọ̀ ojú irin kó obì náà lọ sí Òkè Ọya. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni ọjà ń gbé dìde. Ibi tí ó bá ń kọjá láìdúró, ariwo rẹ̀ nìkan ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ lérè.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ibùdó mẹ́jọ lórí kìlómítà 27 túmọ̀ sí pé, bí a bá pín in dọ́gba, láti ọ̀kan dé èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá bọ́ sí àárín méjì yóò fi ẹsẹ̀ rìn tó kìlómítà méjì kí ó tó dé èyí tí ó sún mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè rìn ín. Ìyá tí ó ru agbọ̀n ata ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ní kí wọ́n kọ́ ibùdó sí iwájú ilé gbogbo wa. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bá ń dúró bí dánfó kò ní yá ju dánfó lọ, owó tí wọ́n fi ń kọ́ ibùdó kan ṣoṣo kò sì kéré. Nítorí náà, ibi tí ibùdó yóò wà, ìhà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò kọjú sí, àti ibi tí ẹsẹ̀ afárá yóò sọ̀ sí, ọ̀rọ̀ yíyàn ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí a óò bá sì yàn, ìmọ̀ràn ni a fi ń yàn án.

Ẹ jẹ́ kí n wá ro ẹjọ́ ara mi. Mo jẹ́ Lèmọ́mù ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ilé kéú ni mo ti kàwé jù, ṣùgbọ́n mo lo ọdún díẹ̀ ní ilé ìwé gírámà, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àjèjì sí mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ọjọ́ Àlàmísì kan lẹ́yìn ìrun Alaasari, ọmọkùnrin kan mú ìwé wá, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo ti gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ń pe àwọn ará àdúgbò sí ìpàdé lórí ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fẹ́ kọ́, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àtàláátà tí ń bọ̀. Mo kà á, mo ní yóò dára. Ṣùgbọ́n mo ní ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ Àtàláátà náà. Mo ki ìwé náà bọ inú Jàláláínì mi, mo sì gba ibi ìsọmọlórúkọ lọ. N kò rán ẹnikẹ́ni. N kò kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun kankan.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n mọ odi gígùn sí ẹ̀gbẹ́ irin ní ọ̀tún àti ní òsì. Odi náà dára, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í yà fún ènìyàn, ẹ̀mí púpọ̀ ni ó sì ti ṣòfò lórí irin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà láti ìhà ọjà sí ìhà mọ́ṣáláṣí ti di pípa, ibi tí afárá sọ̀ sí sì jìnnà sí wa. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta di ogún ìṣẹ́jú. Ìyá aláta tí ó máa ń sáré wá kírun Àìlà pẹ̀lú wa kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Àdínì wa, tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ń dúró ní ìlà iwájú, kò lè fi orúnkún dídùn gun àtẹ̀gùn náà ní ìdájí. Inú yàrá wọn ni wọ́n ti ń kírun Àsùbáà báyìí.

A kó ara wa jọ, a fi ìbínú lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ó pe ìpàdé náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí a bá níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó ní kí a jókòó, ó sì gbé ìwé ìpàdé jáde. Ènìyàn mẹ́tàlélógún ni ó fọwọ́ sí i. Kò sí ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí wa. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wá láti ọjà, kò sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wá. Ó ti ya ọ̀nà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbà sórí bébà, ó ti ka iye ọmọ tí ń sọdá irin ní àárọ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí ẹsẹ̀ afárá sọ̀ sí ẹ̀bá ilé ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni ó sọ̀ sí. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ṣí ojú ewé mìíràn, ó fi orúkọ mi hàn mí àti ọwọ́ tí mo fi sí i pé mo gba ìwé. Ojú gbogbo àwọn tí mo kó lẹ́yìn yí sí mi. Nígbà tí mo délé, mo ṣí Jàláláínì: ìwé ìpàdé náà wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọjọ́ tí mo fi í sí i.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mo ti fi òwe yìí ṣe wáàsí fún ẹlòmíràn kí ó tó ṣẹ sí mi lára.

N kò wí pé àwọn tí ó pè wá kò ní ẹ̀bi tiwọn. Ìwé tí ó dé ní Àlàmísì fún ìpàdé Àtàláátà ti pẹ́ jù. Èdè tí ọ̀pọ̀ ará ọjà kò lè kà ni wọ́n fi kọ ọ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sì ni àkókò tí olówò ń wá owó oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọlọ́jà, kí ó wá sí ọjà, kí ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kí ó gbé àwòrán tí ojú lè rí kalẹ̀, kí ó sì yẹra fún àkókò ìrun Jímọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó padà wá sọ ohun tí ó yípadà nítorí ọ̀rọ̀ wa, àti èyí tí kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Súrà kejìlélógójì nínú Àlùkùránì, Ṣúrà ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìfikùnlukùn. Ẹ sì rántí ìtàn Bádírì, ní ọdún kejì Hijira. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti dúró sí ibi omi kan. Hubab ọmọ Munzir wá bi í léèrè bóyá àṣẹ Ọlọ́hun ni ó mú wọn dúró síbẹ̀, tàbí èrò ogun ni. Nígbà tí ó gbọ́ pé èrò ni, ó ní ibẹ̀ kò dára tó, kí wọ́n lọ sí ibi omi tí ó sún mọ́ ọ̀tá jù. Ànábì gbà fún un, wọ́n sì ṣí ibùdó. Ọ̀rọ̀ ibùdó ni èyí náà jẹ́! Hubab wà níbẹ̀, ó béèrè kí ó tó sọ̀rọ̀, ó sì mọ ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó jẹ́ olórí kò sì wí pé òun ti dúró ná. Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ wo ni yóò wá sọ fún wa pé àwòrán òun kò ṣeé yí?

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá wà lẹ́yìn wa. Láti 1992 ni òfin ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ohun tí irú iṣẹ́ ńlá báyìí yóò ṣe sí àyíká àti ará àdúgbò wò. Wọn a máa gbé ìwé àyẹ̀wò náà kalẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó sì kọ èrò tirẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì fi owó gbà-má-bìínú sílẹ̀ lórí ilé àti ohun ọ̀gbìn ẹni tí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ilé àti ohun ọ̀gbìn ni òfin náà ń wò. Iye tí ilẹ̀ ń tà lọ́jà kọ́. Mọ́ṣáláṣí tí ó bá wà lórí ilẹ̀ tí a fi ẹnu lásán fi tọrọ, kí ó tètè wá ìwé rẹ̀ ṣe.

Bí ìwé ìpàdé bá dé, kí Lèmọ́mù kéde rẹ̀, kí ìyálọ́jà náà kéde rẹ̀. Kí á yan ènìyàn bíi márùn-ún. Kí obìnrin wà nínú wọn, kí arúgbó wà nínú wọn. Kí wọ́n ka iye ènìyàn tí ń kọjá, bí ọ̀gá ilé ìwé ti ṣe. Kí wọ́n béèrè bóyá ẹnu ọ̀nà yóò wà ní ìhà méjèèjì, àti báwo ni ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn yóò ṣe kọjá. Kí ọlọ́jà béèrè ibi tí yóò máa tajà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, àti oṣù tí yóò gbà. Irú ẹrù tí wọn yóò gbà wọ inú ọkọ̀, àti aago tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò gbéra. Kí ó rí i pé orúkọ ẹni tí ń tajà nínú ìsọ̀ wọ ìwé, kí ó má jẹ́ ti onílé nìkan. Ohun gbogbo tí a bá sọ, kí á kọ ọ́, kí á fọwọ́ sí i, kí á sì mú ẹ̀dà kan wálé.

Mo sì bẹ yín, ẹ má ṣe lọ láti da iṣẹ́ náà rú. Ní 1983 ni Alhaji Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ irú rélùwéè yìí fún Èkó, ní 1985 ni ìjọba ológun fagi lé e. Ogójì ọdún ni ó kọjá láti 1983 kí èrò tó wọ aláwọ̀ búlúù. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan páànù mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní òru, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ilẹ̀ tán, kí ó lè gba owó ìsọ̀ tí kò ní. Olè ni. Kí á má sì ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Mùsùlùmí nìkan ni ó ń gbé àdúgbò. Orúnkún Kìrìsìtẹ́nì náà ń dùn ún lórí àtẹ̀gùn.

A ti kọ ìwé pé kí wọ́n fi afárá kejì kún un. A kò tíì rí èsì. Ó rọrùn láti ṣí ẹsẹ̀ afárá nígbà tí ó wà lórí bébà; nígbà tí ó bá ti di kọnkéré, ó di ọ̀rọ̀ owó ńlá. Ní ìdájí, bí mo bá yíjú wẹ̀yìn kí n tó kábárà, mo máa ń rí àyè Bàbá Àdínì ní ìlà iwájú. Kò sí ẹni tí ó tíì dúró síbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olórí wa ní etí ìgbọ́ràn, kí ó sì fún àwa náà ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé wa dé ibi tí a bá ti pè wá. Àmín.