Ajílẹ̀ abẹ̀mí kì í ṣe sìmẹ́ńtì

Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ dáadáa ní Kano àti Katsina, kì í ṣe ará ibẹ̀ nìkan ni ìyà máa jẹ. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ ọkà bàbà, jéró àti àgbàdo tí à ń rà ní Bódìjà àti Mile 12 ti ń wá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi kàn mí, tó sì kan ẹ̀yin náà.

Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine lọ́dún 2022, owó ajílẹ̀ fò sókè. Àgbẹ̀ tí kò rówó ra àpò kan, báwo ló ṣe fẹ́ jí ilẹ̀ tó ti kú?

Ọ̀nà kan wà. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, náítírójìn ni, ṣùgbọ́n ọkà ò lè dá a mú. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní rhizobium ló ń bá ẹ̀wà àti sóyà mú un, nínú kókó kéékèèké ara gbòǹgbò wọn. Ẹni tó gbin sóyà lọ́dún yìí, tó gbin àgbàdo síbẹ̀ lẹ́ẹ̀míì, àgbàdo rẹ̀ á jẹ nínú èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀. A ò tilẹ̀ ní lọ jìnnà: ní IITA, n'Ìbàdàn níbí, ni wọ́n ti ṣe NoduMax, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ irúgbìn sóyà kí wọ́n tó gbìn ín.

Ẹ gbọ́ ná o: nǹkan abẹ̀mí ni. Oòrùn ń pa á, ooru ń pa á. Bí a bá kó o bí ẹni kó sìmẹ́ńtì, tó ń jóná nínú ìsọ̀ onípáànù, òkú la tà fún àgbẹ̀. Tó bá lò ó tí kò rí nǹkan kan, á ní irọ́ ni, kò sì ní gbà wá gbọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń polówó rẹ̀ bíi gbogboǹṣe náà, ẹ rọra. Kòkòrò ò lè rọ òjò. Ní Burkina Faso, ihò kéékèèké ni olóògbé Yacouba Sawadogo gbẹ́, tó da ìgbẹ́ ẹran sí i kí òjò tó dé, tí ọkà fi hù lórí ilẹ̀ tó ti le gbagidi. Ilẹ̀ tó rí omi àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò ń ráyè ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ìjọba, kẹ́ ẹ tó pín ajílẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ wá fíríìjì sí ọjà àgbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sára ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì gba òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè wọn láti kọ́ wọn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, owó la dà sí yẹ̀ẹ̀pẹ̀.