Ìkìlọ̀: Ẹ Má Fọkàn Tán Ọmọrí Sọ́kàwéè

Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, láti òní lọ, ẹ má páàkì mọ́tò sórí sọ́kàwéè mọ́. Ẹ má gbé tánkì omi kà á, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ṣeré níbẹ̀. Kọnkéré tó bò ó lè le koko lójú, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ẹfun.

Omi ìgbẹ́ tí atẹ́gùn kò dé ibẹ̀ ló ń tú gáàsì kan jáde, èyí tó ń rùn bí ẹyin òbu: hydrogen sulphide. Ó ń kún inú ihò, ó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ kọnkéré tó rin. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á wá sọ ọ́ di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò gan-an. Ásíìdì náà á jẹ sìmẹ́ńtì títí yóò fi kan irin, irin á dípẹtà, ọmọrí á wó. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù kọnkéré ṣe ń jẹrà láti òkè, níbi tí omi kò dé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣì dá ṣáká. Ní 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Parker fi hàn ní Melbourne, ní Ọsirélíà, pé kòkòrò ló wà nídìí ọ̀ràn yìí. Ooru ló sì ń mú un yá. Ta ni kò mọ ooru Èkó?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Jákàndè Òkè-Àfà, máńhòòlù omi ìgbẹ́ tó ti lé ní 40 ọdún lábẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ kọjá láìwò. Bí ilẹ̀ bá rì, bí ọmọrí bá là tàbí tó ń dún kókó, ẹ fi igi dí ọ̀nà ibẹ̀.

Èyí tó burú jù: gáàsì náà ń pa imú. Bó bá pọ̀, ẹ kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ikú ló kù. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú sínú sọ́kàwéè, ìbáà ṣe ọmọ yín, ẹ má wọlé tẹ̀ lé e. Ẹni tó wọlé lọ gbé e náà á ṣubú tì í. Ẹ pe 767 tàbí 112 kíákíá. Ẹ má tan iná, ẹ má mu sìgá nítòsí.

Ẹ̀yin rẹwáyà, ẹ yé da omi bátìrì sí gọ́tà, ásíìdì kan náà ni. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, owó tí ẹ fẹ́ fi kun ilé lọ́dà lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi da ọmọrí tuntun.