Àlejò Nínú Ìtàn Kumasi: Ohùn Ta Ni Amóhùnmáwòrán Yóò Gbé Jáde?

Nígbàkúùgbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí owó ìlú ń gbé ró bá kéde pé fíìmù tuntun ń bọ̀ lórí ìtàn àti àṣà Kumasi, ẹni tí ó bá ti wo irú rẹ̀ rí lè sọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi í hàn. A óò gbọ́ ìlù fontomfrom. A óò rí agboòrùn ńlá tí ń jó lórí ọba. Wọn yóò sọ ti Okomfo Anokye àti Àga Wúrà, ti Prempeh Kìn-ín-ní tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú lọ ní 1896 tí kò sì padà dé ilé títí di 1924, àti ti Yaa Asantewaa nínú ogun ọdún 1900. Ohùn kan tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni yóò sì máa tọ́ wa sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò bá ọba jà, n kò sì bá wúrà jà. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a sọ ìtàn ààfin di gbogbo ìtàn ìlú, a sì wá fi èdè tí kì í ṣe ti ìyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ ọ́.

Kumasi kì í ṣe ìlú ọba nìkan. Ìlú ọjà ni. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti Sekondi ti dé ibẹ̀ ní 1903 ni àwọn oníṣòwò ti ń ya wọ̀ ọ́ láti ìhà gbogbo, àwọn Yorùbá kò sì gbẹ́yìn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìnísà ni wọ́n ti lọ sí Gold Coast. Nígbà tí Gánà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1960, àwọn Yorùbá tí wọ́n kà tó nǹkan bí 100,000. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé ọjà wéwèèwé dé ìletò tí iléeṣẹ́ òyìnbó kò lè dé. Ọwọ́ wọn náà ni púpọ̀ nínú ìpìlẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gánà wà. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn sì wà nínú Zongo Kumasi, wọ́n ń gbọ́ Hausa, wọ́n ń gbọ́ Twi, wọ́n sì ń fi Yorùbá ka owó nínú ilé. Ìwé wà lórí ọ̀rọ̀ wọn: ti Enid Schildkrout lórí Zongo Kumasi jáde ní 1978, ti Jerry Eades lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Gánà sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe fíìmù kò lè sọ pé òun kò rí ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọṣẹ dúdú. Àwọn fíìmù àṣà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: eérú, epo, ìkòkò, ìyá àgbà tí ń ro ó. Alata samina ni orúkọ tí àwọn Akan ń pè é títí di òní. Samina ni ọṣẹ. Alata ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tí ó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń búra pé “aláta”, ẹni tí ń ta ata, ni ọ̀rọ̀ náà. Allada, ìlú àtijọ́ ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni àwọn onímọ̀ ìtàn ń tọ́ka sí. Èmi gba ti Allada. Ṣùgbọ́n èyí ó wù kí ó jẹ́, ìtàn àlejò wà nínú orúkọ ọṣẹ tí wọ́n ń fi hàn wá, olùṣe fíìmù a sì máa ya ìkòkò láwòrán láìbéèrè orúkọ.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àlééfà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kó ẹrù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n lọ láàárín oṣù díẹ̀ sí i ju 100,000 lọ, àwọn Yorùbá ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà inú wọn. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi owó àwìn sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n kó “padà” sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Twi ni ó já gaara lẹ́nu wọn. Ogun abẹ́lé ni wọ́n sì bá nílé, nítorí ogun náà kò parí títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970.

Kí ni Nàìjíríà rántí nínú èyí? Báàgì ni. Báàgì oníkẹ́ẹ̀kẹ̀ẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní Ghana-Must-Go ti ọdún 1983 wá, nígbà tí ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì, tí àwọn ọmọ Gánà inú wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. A sọ ìyà tí a fi jẹ ẹlòmíràn di orúkọ báàgì, a sì gbàgbé ìyà tí wọ́n fi jẹ wá. Ní Gánà, ọ̀rọ̀ 1983 ni ó wà lẹ́nu, ti 1969 sì rọra wọlẹ̀. Amóhùnmáwòrán ìjọba méjèèjì ni ó ṣe é fún wa bẹ́ẹ̀. NTA kò sàn ju GBC lọ nínú èyí. Bí a bá ń bá ọ̀kan wí, kí a má ṣe fi èkejì pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Mo ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ pé ọgbẹ́ tí ó ti jinná ni, kí a má tú u. Kò jinná. Ní 2019, àwọn oníṣòwò Suame Magazine ní Kumasi ti ìsọ̀ àwọn àjèjì tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan wọ́de ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìwọ́de yẹn kò tíì sí láyé ní 1969. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń fi ẹ̀rọ ayélujára bú wọn náà kò sí níbẹ̀. Ohun tí kò sí ẹni tí ó fi hàn wọ́n ni wọ́n ń tún ṣe.

Nísinsìnyí, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ èdè wà. Ọ̀rọ̀ òfin tí Busia lò ni “alien”. Ẹ wá wo èdè mẹ́ta tí a ń sọ nínú Zongo lọ́jọ́ náà. Yorùbá ní “àlejò”. Twi ní “ɔhɔho”. Hausa ní “baƙo”. Nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ẹni tí a kò mọ̀ àti ẹni tí a gbà sílé, tí a fún lómi mu. Àlejò ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn onílé, onílé sì ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn àlejò. Bí àgbàlagbà kan bá jókòó síwájú ẹ̀rọ ayàwòrán tí ó ní, “Àlejò ni wá, a kò sọ pé a kì í ṣe àlejò,” ẹ̀sùn ńlá ni ó fi kan onílé yẹn. Bí ohùn Gẹ̀ẹ́sì bá bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ní ọkùnrin náà gbà pé “alien” ni òun, ó ti sọ ẹ̀sùn náà di ìjẹ́wọ́. Ẹni tí ó ń wò nílé yóò rò pé bàbá náà fara mọ́ òfin tí wọ́n fi lé e.

Àwọn tí ó fara mọ́ ètò tí ó wà yóò dáhùn pé òfin Gánà kò kan Yorùbá. Ẹsẹ̀ 39 nínú ìwé òfin 1992, níbi tí ó ti sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ gbé èdè lárugẹ, èdè Gánà ni ó dárúkọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n GBC ti ń fi Hausa gbóhùn sáfẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú Akan, Ga, Ewe, Nzema àti Dagbani, ibi tí Hausa sì ti wá kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnu tí ń sọ ọ́ nínú ìlú bá tó láti sọ Hausa di ará ilé, òùnwọ̀n wo ni a fi wọn Yorùbá tí a kò fi wọn Hausa? N kò tilẹ̀ béèrè fún ìròyìn Yorùbá lójoojúmọ́. Ohun tí mo ń béèrè kéré: kí a gbọ́ ẹlẹ́rìí ní èdè tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìyìn àwa Yorùbá ni mo ń wá. Bí fíìmù náà bá jẹ́ òtítọ́, yóò dé ọdún 1874. Lẹ́yìn tí Wolseley ti sun Kumasi ní oṣù Kejì ọdún náà, Glover tí ó ti ṣe alábòójútó Èkó náà dé ibẹ̀, àwọn Hausa àti Yorùbá sì wà nínú ọmọ ogun rẹ̀. Ní 2024, nígbà tí ilé ọnà British Museum àti Victoria and Albert Museum fi ohun ọ̀ṣọ́ wúrà 32 ránṣẹ́ sí ilé ọnà Manhyia, tí wọ́n sì pè é ní àyálò ọdún mẹ́ta, gbogbo ayé sọ̀rọ̀ nípa òyìnbó tí ó kó ẹrù. Ta ni ó bi àwa léèrè pé kí ni àwọn ènìyàn wa ń wá nínú ogun yẹn? Bákan náà, yóò dé ọdún 1957, nígbà tí ìjọba Nkrumah kó Alhaji Amadu Baba, olórí Zongo Kumasi, àti Alhaji Othman Larden lọ sí Kano tipátipá, tí ó sì fi òfin pàtàkì ti ilé ẹjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí 1969 ṣe ṣeé ṣe, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ará Kumasi tí ó yọ̀ lọ́jọ́ náà, tí ó sì gba ìsọ̀ tí ó ṣófo, ni mo tún fẹ́ gbọ́. Iṣẹ́ kò sí, ìyà ń jẹ ìlú, ó ní tirẹ̀ láti sọ, Twi ni kí ó sì fi sọ ọ́. Ẹsẹ̀ 163 nínú ìwé òfin kan náà ní kí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba fàyè gba èrò tí ó yàtọ̀ síra.

Wọ́n a máa ní owó kò sí. Ní 1986, owó àti ọwọ́ NTA wà nínú The Africans, fíìmù alápá mẹ́sàn-án ti Ali Mazrui, pẹ̀lú BBC àti WETA ti Amẹ́ríkà. Ayé wò ó, àwọn onímọ̀ bá a jà, Soyinka wà lára wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1996, ìjọba Gánà ta ìpín tí ó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ fíìmù orílẹ̀-èdè náà fún àwọn ará Malaysia. Owó tí ó dé ni a ń ná sí ibi tí ó wù wá, a sì ń ta ohun tí kò wù wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí fíìmù bá ti parí tán ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá “wo Yorùbá inú rẹ̀”. À ń lọ. À ń tún orúkọ méjì ṣe, wọ́n ń kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán láìsí àmì ohùn, bí ẹni pé ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó lórí àkọtọ́ ní 1974, àwa sì ń gbà kí wọ́n kọ orúkọ wa sí òpin fíìmù gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Kí a ṣíwọ́ rẹ̀. Ẹni tí a kò bá pè kí wọ́n tó kọ ìbéèrè sílẹ̀, kí ó má fọwọ́ sí i. Kí a sì béèrè pé kí ohùn ẹlẹ́rìí lọ tààrà láìsí ohùn mìíràn lórí rẹ̀, kí gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti èyí tí wọ́n gé dànù, wà ní KNUST ní Kumasi àti ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gbọ́ ọ.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ nígbà náà, tí ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún. Fíìmù tí wọ́n sún síwájú di ọdún márùn-ún sí i yóò rí agboòrùn àti ìlù yà; kò dájú pé yóò bá bàbá yẹn nílé.