Owó tó kàn yí àpò padà, kí la fẹ́ san owó orí rẹ̀ sí?

Ẹ̀yin ọmọ Ìdàáṣà nílé lóko, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí a sì fẹ́ fẹ̀yìn tì sí ìlú òkè mọ́kànlélógójì.

Tí owó ìfẹ̀yìntì bá ti inú 401(k) bọ́ sínú IRA tààrà, a ò tíì ná an, kò sì ní owó orí. (Ti Roth IRA yàtọ̀ o.) Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ owó orí ìpínlẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ sí owó oṣù fún ọ̀kan nínú wa. Bàbá ti fẹ́ sanwó! A ní kí wọ́n dúró ná. Ìwé 1099-R wọn ní G ní àpótí 7, òdo sì wà ní 2a. Àwọn ló kọ iye owó náà sí 2a. Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà 5b nínú fọ́ọ̀mù 1040. Tí kò bá sí owó ìfẹ̀yìntì mìíràn, òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀, torí inú fọ́ọ̀mù yẹn ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń mú iye tiwọn.

Lójú tiwa, owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ tán sórí aṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ gba oníṣirò kan kó tó di 15 oṣù kẹrin. Owó tí à ń wí yìí la fẹ́ fi kọ́lé sẹ́sẹ̀ òkè.